Ọjọ́ Tí Mo Gbé Igi Ṣéènì Sílẹ̀

Iṣẹ́ tí yunifásítì gbà mí fún ni kí n máa tọ́jú pápá: kí n gé koríko, kí n fa ìlà funfun, kí n dí ihò. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń wọ bọ́ọ̀sì láti Peckham ní London lọ sí pápá yẹn lẹ́yìn Forest Hill, kò sì sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí nínú ìwé iṣẹ́ mi pé màá máa fa ṣéènì. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kẹ́yìn kí n tó fẹ̀yìn tì, kóòṣì àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà wá bá mi, ó fi igi lé mi lọ́wọ́, ó ní ẹni tó ń dì í mú ò wá. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Gbogbo sáà ni mo fi dúró síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Fúbọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e. Wọ́n á kó tìmùtìmù sí èjìká, wọ́n á dé akoto, wọ́n á sì máa kọlu ara wọn bí àgbò. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n fún ẹgbẹ́ kan láti gbé bọ́ọ̀lù síwájú ní yáàdì mẹ́wàá. Bí wọn ò bá gbé e dé ibẹ̀, ó di ti ẹgbẹ́ kejì. Ṣéènì tó gùn ní yáàdì mẹ́wàá géérégé, tó ní igi lórí méjèèjì, ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Igi tiwájú, tó ń fi ibi tí wọ́n ń lọ hàn, ni mo máa ń dì mú létí pápá. Òfin iṣẹ́ náà ò ju ẹyọ kan lọ: má fi igi sílẹ̀. Ó yẹ kí klíìpù kan wà lára ṣéènì tí wọ́n á fi mọ ojú ibẹ̀ bí igi bá yẹ̀, ṣùgbọ́n tiwa ti kán, kóòṣì sì ń bọ̀ wá ra òmíràn títí dòní.

Àwọn ọmọ wa ò borí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mi ò ní wọn ò sapá o. Wọ́n sapá débi pé lọ́sẹ̀ kan, ẹgbẹ́ tó nà wọ́n fi sáńwíìṣì ta wọ́n lọ́rẹ. Wàsíù, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ni ọ̀gá wọn, ọdún tó máa jáde ló sì wà. Nígbà tó wọ ilé-ìwé yẹn, kò mọ ẹnì kankan. Ẹgbẹ́ yìí ló sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń pè lórúkọ. Ni ọ́fíìsì yunifásítì bá kọ̀wé pé bí sáà bá parí láìsí ìdíje kan tí wọ́n borí, àwọn máa tú ẹgbẹ́ náà ká. Wàsíù ò rẹ́rìn-ín mọ́. Èmi tí mo ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ wá ń fi wọ́n sínú àdúrà Jímọ̀.

Ó wá ku ìdíje kan. Ìyá ìyàwó mi, tí wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ní àwọn máa wá láti Deptford wo ohun tí ọmọ-ọmọ àwọn ń fi ara rẹ̀ ṣe. Òjò ti sọ pápá di ẹrọ̀fọ̀. Ó ku ìṣẹ́jú kan, àwọn àlejò fi àmì méjì péré jù wá lọ, ìgbà kẹrin wa sì nìyẹn. Wàsíù gbá bọ́ọ̀lù mọ́yà, ó kó wọ àárín wọn. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti gbọ́ lẹ́yìn mi pé, "Ráfíù."

Mi ò ronú. Àna ẹni kì í pe ni kéèyàn kẹ́yìn sí wọn, kó máa di igi mú. Mo gbé igi lélẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàbọ̀, Mummy."

"Ó tó, dìde. Cold yìí pọ̀ o. Wàsíù dà?"

Wàsíù wà lábẹ́ èèyàn mẹ́fà.

Ẹni tó wà ní orí kejì rí igi mi nílẹ̀, ó rò pé eré ti parí, ló bá wọ́ ṣéènì lọ. Rẹfirí fọn fèrè, ó ní ká wá wọ̀n ọ́n, torí ojú lásán ò lè mọ̀ bóyá bọ́ọ̀lù dé ibẹ̀. Kò sí ohun tí a fẹ́ fi wọ̀n ọ́n. Àwọn kóòṣì méjèèjì ń pariwo. Rẹfirí bi kóòṣì àwọn àlejò bóyá ká tún ìgbà kẹrin yẹn gbá, tàbí kó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ọkùnrin náà wo ẹrọ̀fọ̀ ara mi, ó wo Mummy, ó wá ní ẹni tó lè nà gbalaja sínú irú ẹrọ̀fọ̀ yìí nítorí ìyá àgbà, ibi tó bá fi hàn ni òun gbà. Ká ní ó bú mi ni, ì bá rọrùn fún mi.

Mo mọ ibẹ̀. Ihò ni mo ti ń dí fún ọdún mọ́kàndínlógún. Ihò igi mi wà níbẹ̀ kedere. Ihò mìíràn, tí ìṣó bàtà gbẹ́, wà ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sẹ́yìn rẹ̀. Bí mo bá fi igi sí ìyẹn, bọ́ọ̀lù ṣì jẹ́ tiwa, a ṣì lè borí. Mo fẹ́ ẹ, mi ò ní purọ́. Wàsíù ń wò mí. Mummy ń béèrè ohun tó dé tí gbogbo èèyàn fi dúró. Mo fi igi sí ihò rẹ̀.

Ìka mẹ́ta ni bọ́ọ̀lù fi kù.

Wọ́n tú ẹgbẹ́ náà ká. Èmi ni wọ́n rán láti hú àwọn òpó wọn, ọ́fíìsì sì kọ̀wé dúpẹ́ pé mo ń ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn. Lọ́jọ́ ìdíje yẹn, Mummy bá mi wọ bọ́ọ̀sì dé Peckham Rye. Wọ́n wá ní, "Ìka mẹ́ta péré?"

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Wàsíù ò fi gbé fóònù mi. Lọ́jọ́ kan ló wá kó ẹrù rẹ̀ ní pápá, ó kúnlẹ̀ ti àpò, kò wojú mi.

"Uncle, be honest. If Grandma wasn't there, ṣé ẹ máa sún igi yẹn fún wa?"

"Bí Grandma ò bá sí níbẹ̀," mo ní, "mi ò ní gbé igi sílẹ̀ rárá."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "That's fair, Uncle," ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì lọ. Ó rò pé mo ti dá òun lóhùn.