Imú Ìyá Tìmílẹ́hìn, Oníkànáfùrù

Imú ni Fẹ̀hìntọlá fi ń ṣòwò. Ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Ìyànà Ìbà, níbi tó ti ń ta atalẹ̀, ìyèré, èèrù àti kànáfùrù, kì í fi ojú yẹ ọjà wò kó tó rà á. Yóò ki ọwọ́ bọ inú àpò, yóò bu ẹ̀kúnwọ́ kan, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á títí yóò fi lọ́wọ́ọ́rọ́, yóò wá gbé e sábẹ́ imú. Bí orí rẹ̀ bá mì, ó rà á nìyẹn. Bí kò bá mì, kò sí ọ̀rọ̀ dídùn tí ọlọ́jà lè sọ.

Ìjẹ̀bú-Igbó ló ti wá. Ìyá Tìmílẹ́hìn ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ilé kan náà la jọ ń gbé ní Òkòkòmáíkò, yàrá mi kọjú sí tirẹ̀. Àwọn ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi, òun àti Ràmátù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sọ wọ́n fún mi, kálukú bó ṣe dùn mọ́ ọn.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ibà àti ọ̀fìnkìn dá a dùbúlẹ̀. Ibà lọ, ọ̀fìnkìn náà lọ, ṣùgbọ́n wọ́n mú òórùn gbogbo lọ pẹ̀lú wọn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò ra èròjà lọ́wọ́ ẹni tí kò gbóòórùn? Ó ń ra ọjà bó ṣe máa ń rà á: ó ń ra á láàárín àtẹ́lẹwọ́, ó ń gbé e sábẹ́ imú, ó ń mi orí. Báyìí ló ṣe ra odidi àpò kànáfùrù kan tí wọ́n ti fún epo inú rẹ̀ jáde.

Ràmátù ló tú u fó. Ìyàwó ṣọ́jà ni, ará Kàtsínà, nínú bárékè Ọ̀jọ́ ló ń gbé. Ó ń po tùràrí tí wọ́n máa fi èéfín rẹ̀ sí aṣọ ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń ṣègbéyàwó, kànáfùrù kò sì gbọdọ̀ wọ́n nínú rẹ̀. Yorùbá tó kọ́ lójú títì kò ní “ẹ̀yin” nínú. “Ìwọ” ni gbogbo wa lójú rẹ̀, àtàgbà àtèwe.

“Ìyá Tìmílẹ́hìn, kí ni mo ṣe fún ọ?” Ó ju ọ̀rá kan sórí tábìlì.

“O ò ṣe nǹkan kan. Jókòó.”

“N ò jókòó. Kanumfari tí o tà fún mi, mo jó o títí, eérú nìkan ló ń rùn. Àwọn àna mi ti wà lójú ọ̀nà. Ṣé igi ìdáná ni kí n máa fi kun ìyàwó?”

“Bóyá iná rẹ ló kéré.”

“Iná mi? Èmi tí mo ti ń dáná fún ṣọ́jà kí o tó mọ imú nù?”

Fẹ̀hìntọlá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ràmátù bu díẹ̀ nínú ọ̀rá náà fún un. Ó gbé e sábẹ́ imú, ó mi orí.

“O ń mi orí,” ni Ràmátù wí. “Kí lo gbọ́?”

Fẹ̀hìntọlá dà á padà sínú ọ̀rá. “N kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ti pẹ́ tí n kò ti gbọ́ nǹkan kan.”

Ràmátù wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kọ̀ lẹ́ẹ̀kan. “Ojú ló ń tì ọ́? Imú ṣáà ni. Kì í ṣe pé o jalè.”

Fẹ̀hìntọlá tọrọ kànáfùrù tó dára ní ìsọ̀ kejì fún tùràrí náà, ó da ìyókù tirẹ̀ sí ààtàn. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, Ràmátù mú un lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan tó mọ̀. Nọ́ọ̀sì náà ní a lè tún imú kọ́, pé ti àwọn kan máa ń padà, ti àwọn mìíràn kì í padà. Kó máa fa òórùn ohun tó le bíi kànáfùrù símú láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó sì máa rántí bó ṣe ń rùn tẹ́lẹ̀.

Ìrántí yìí ló le.

“Dàmọ́lá,” ó pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, abọ́ kànáfùrù kékeré lórí itan rẹ̀. “Wọ́n ní kí n máa rò ó. Bí mo bá ti ń rò ó, àpò tí mo dà nù yẹn ló ń wá sọ́kàn mi.”

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń tètè nírètí. Ṣùgbọ́n mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń wá, ohun tí mo ní nìyẹn.

“Ẹ jẹ́ kó jẹ́ orúkọ rẹ̀ lẹ máa rò, mà. Ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá la ti gbọ́ kànáfùrù. Ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni àwọn náà ti gbọ́ ọ. Qaranful ni wọ́n ń pè é. Èyí tó gba orí òkun dé Sáńsíbà ní ìlà-oòrùn Áfíríkà ń jẹ́ karafuu. Àwọn Gíríìkì ní ọ̀rọ̀ kan tó jọ ọ́. Àwọn kan ní ọ̀dọ̀ ará Íńdíà ni wọ́n ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò dájú. Igi rẹ̀ fúnra rẹ̀, àwọn erékùṣù kan ní Indonéṣíà ni ilé rẹ̀.”

“Ó rìn tó báyìí kó tó dé Ìyànà Ìbà?”

“Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Ìṣó ni àwọn Pọtogí ń pè é. Àwọn ará Ṣáínà ní ìṣó olóòórùn dídùn. Clove tí òyìnbó ń sọ, inú ọ̀rọ̀ Faransé fún ìṣó ló ti wá.”

Ó mú ẹyọ kan, ó yí i wò: orí rẹ̀ rí roboto, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín. “Ìṣó ni lóòótọ́,” ló wí.

Láti ìgbà náà ló ti ń di ojú, tó ń tẹ̀ lé orúkọ náà bọ̀ láti erékùṣù, gba orí òkun, gba inú aṣálẹ̀, dé Kánò. Ràmátù a máa yà kí wa.

“Má pè é ní kànáfùrù mọ́. Kanumfari ni. Ìdí tí kò fi dá ọ lóhùn nìyẹn.”

“Èyí tí ẹ̀yin náà gbà lọ́wọ́ Lárúbáwá, tí ẹ ò dá padà?”

Nígbà tó yá, ó ní nǹkan kan ti ń ta òun nímú. Nọ́ọ̀sì ní títa kọ́ ni òórùn, ṣùgbọ́n kó má dáwọ́ dúró. Àwọn àárọ̀ kan wà tó máa ń ti abọ́ náà sápá kan, tí yóò kọjá lọ sí ìsọ̀ láì fọwọ́ kàn án. Lọ́kàn mi, mo gbà pé kò ní padà mọ́.

Kò tíì sí kànáfùrù mìíràn ní ìsọ̀, àwọn oníbàárà sì ń béèrè rẹ̀. Ràmátù ní òun yóò yá a ní imú. Fẹ̀hìntọlá ní kó tẹ̀ lé òun, ṣùgbọ́n kó má sọ̀rọ̀ àfi tí òun bá bi í. Mo bá wọn lọ kí n lè gbé ẹrù.

Alágbàtà kan lọ́jà tú àpò kànáfùrù mẹ́ta fún wa. Fẹ̀hìntọlá bu ti àkọ́kọ́, ó ra á, ó gbé e sábẹ́ imú, ó dà á padà. Ó bu ti èkejì, ó tún dà á padà. Ti ẹ̀kẹta, ó di ojú, kò sì tètè là á.

“Kò rí bíi tàtijọ́,” ló wí. “Ó dà bíi pé ilé kejì ni wọ́n ti ń sè é. Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.” Ó yíjú sí Ràmátù. “Sọ̀rọ̀ wàyí.”

Ràmátù gbóòórùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. “Ó wà níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́, igi ni. Ṣùgbọ́n èkejì náà dára o, ó tiẹ̀ sàn díẹ̀ ju ẹ̀kẹta lọ.”

“Èkejì ò tíì dé ọ̀dọ̀ mi,” ni Fẹ̀hìntọlá dáhùn. “Òun náà á dé.” Ó fi ọwọ́ lé àpò kẹta. “Èyí tí mo gbọ́ ni mo máa rà.”