Póò Méjì Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ara Wọn

Mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí tíṣà ọmọ mi pè pé àwọn ò ní gba ọmọ tó ń lo pámpásì mọ́. Bí wọn ò bá gbà á, iṣẹ́ mi bọ́ nìyẹn, torí kò sẹ́ni tó máa bá mi tọ́jú ẹ̀. Mo ra póò tánganran lọ́jà Agric. Bó ṣe dún gbàǹ lórí sìmẹ́ńtì báyìí, ọ̀sán ọjọ́ kan ní Ẹ̀pẹ́ nígbà tí mo wà ní kékeré padà sí mi lọ́kàn: òórùn ẹja yíyan, èmi lórí póò mi, ìyá àgbà mi lórí tiwọn.

"Ta ló máa kọ́kọ́ tọ̀?"

"Èmi ni, Màmá."

Tiwọn ló kọ́kọ́ dún ṣàà. "Mo ti ṣáájú ẹ."

Mo bínú, mo ṣe gírí, èmi náà tọ̀.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé àìsàn ń jẹ́ kí wọ́n máa tọ̀ sára nígbà yẹn, àwọn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tún póò lílò kọ́ ni.

Mo gbé garawa sẹ́gbẹ̀ẹ́ póò, mo jókòó lé garawa náà. Mo sọ fún ọmọ mi pé, "Màmá mi àgbà ṣáájú mi lọ́jọ́sí. Wá ká wò ó bóyá ìwọ á ṣáájú mi."