Ọjọ́ tí Ọlátúbọ̀sún Sá

Ní gbogbo ọdún tí Boko Haram fi ń da Maiduguri láàmú, ẹnì kan ṣoṣo ni kì í sá ní àdúgbò Bolori. Ọlátúbọ̀sún ni, olùkọ́ ìṣirò tó wá láti Iléṣà. Àwọn ará àdúgbò tó kù mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: bí o bá rí ẹni tó ń sá, kí ìwọ náà bá ẹsẹ̀ rẹ sọ̀rọ̀, bí o bá délé tán, o lè wá bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọlátúbọ̀sún kọ̀ jálẹ̀. Á dúró sáàárín títì, á máa fi Hausa bi àwọn tó ń sá kọjá pé kí ló ṣẹlẹ̀: "Me ya faru?" Kò sẹ́ni tó ráyè dá a lóhùn.

Susannah, ìyàwó rẹ̀, ti kó àwọn ọmọ lọ sí Iléṣà. Kò sí ọjọ́ tí kì í bẹ ọkọ rẹ̀ lórí fóònù pé kó máa bọ̀.

"Ìyá Ọpẹ́, n kì í sá fún ohun tí n kò rí. Ọjọ́ tí o bá gbọ́ pé mo sá, kí o máa retí mi nílé." Ó fi orúkọ Ọlọ́run búra. Ọlátúbọ̀sún kì í sì í yẹ àdéhùn. Alágídí ni, àmọ́ kì í ṣe òpùrọ́.

Lọ́jọ́ kan, àwọn aláàánú kan láti òkè òkun fi ẹrù ránṣẹ́ sí ilé-ìwé wọn. Bẹ́ǹṣì ni wọ́n ń retí. Igi, ìbọ̀wọ́ aláwọ ńláńlá àti ìwé òfin besibọ́ọ̀lù ni wọ́n bá nínú páálí. Ọlátúbọ̀sún ka ìwé òfin náà bí ẹni ń ka Bíbélì, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù.

"Ẹni tó di igi mú á gbá bọ́ọ̀lù, á sá yí pápá ká láti ibùdó dé ibùdó. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ilé. Bó bá sá títí tí kò padà délé, òfo ni."

Susannah ní, "Ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Òfin kan ló fẹ́ tú àwọn olùkọ́ ká. Ẹni tó bá na igi sí bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹta tí kò kàn án ti kùnà. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù kẹta bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń hán an lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó kùnà yìí láǹfààní láti sá.

Mùtàlíbù, ọmọ Ọ̀fà tó ń kọ́ni ní kẹ́místrì, fárígá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó kùnà ti kùnà! Kí ló tún ń sáré fún?"

"Òfin ni."

"Òfin wèrè ni."

Ní Sátidé, wọ́n bọ́ sórí pápá. Bíọ́lá, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ń ju bọ́ọ̀lù. Ọlátúbọ̀sún di igi mú. Mùtàlíbù lóṣòó sẹ́yìn rẹ̀. Ọlátúbọ̀sún gbá afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Bọ́ọ̀lù kẹta yọ́ bọ́ lọ́wọ́ Mùtàlíbù. Ọlátúbọ̀sún ju igi nù, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Mai shayi tó ń ta tíì lẹ́yìn ọgbà ló kọ́kọ́ rí i pé ó ń sá, ló bá figbe ta. "Malam Tubosun yana gudu!" A kì í kúkú sáré nínú ẹ̀gún lásán; bí a ò bá lé ejò, ejò ń lé wa. Bí ẹni tí kì í sá bá ń sá, kí lẹnìkan tún fẹ́ bèèrè? Mai shayi fi kẹ́tùlù sílẹ̀ lórí iná. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ yí orí kẹ̀kẹ́ padà. Àwọn sójà dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn àpò yanrìn. Nígbà tí Bíọ́lá rí i pé gbogbo Bolori ń sá, òun náà sá. Mùtàlíbù tẹ̀ lé e tòun ti ìbọ̀wọ́.

Ọlátúbọ̀sún dé ibùdó àkọ́kọ́, ó yíjú padà láti yọ̀. Pápá ti dá páropáro.

"Me ya faru?"

Ẹ̀rù wá bà á, ẹ̀rù gbogbo ọdún tí kò tíì bà á rí. Ó fo ọgbà. Àdúgbò Hausari ló ti ráyè mí, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá arúgbó kan tí kò mọ̀ rí.

Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Me ya faru?"

"Ban sani ba," ni Ọlátúbọ̀sún wí. Òótọ́ ni, kò mọ̀.

Fóònù dún. Susannah ni. "Bàbá Ọpẹ́, wọ́n ní Bolori tú. Ṣé ẹ̀yin náà sá?"

"Besibọ́ọ̀lù ni. Mùtàlíbù ló jẹ́ kí bọ́ọ̀lù bọ́. Òfin ni mo tẹ̀ lé."

"N kò bèèrè òfin. Ṣé ẹ sá?"

Ó rá jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Mo sá."

Ó gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́kún, tó tún ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ kúkú sọ fún mi pé ẹni tó bá sá tí kò padà délé, òfo ni. Ẹ máa bọ̀ nílé, ọkọ mi."