Ojú Ìwé tí Mo Fò Níwájú Àna Mi

Bí àna mi, ìyá tó bí olóògbé ìyàwó mi, bá ń rànwú, tí ọ̀rọ̀ kan kò bá yé e, ọwọ́ rẹ̀ á dúró. Nígbà tí àkóso òyìnbó ṣì jẹ́ tuntun ní Ìlọrin, mo ń ka ìwé ìtàn ìfẹ́ kan fún un, nípa obìnrin ayé ogun tó kọ balógun tí bàbá rẹ̀ yàn fún un, tó lọ fẹ́ ahunṣọ. Sàfúrà ọmọ mi náà ti kọ ọkọ tí ìyá àgbà yìí wá fún un, n kò sì tíì lè sọ fún ìyá. Nígbà tí mo dé ibi tí obìnrin náà ti kọ balógun, mo fo ojú ìwé náà.

Ọwọ́ ìyá dúró. “Bàbá Sàfúrà, ilé bàbá rẹ̀ ló wà lẹ́ẹ̀kan. Ta ló gbé e dé ọ̀dọ̀ ahunṣọ?”

Mo padà kà á. Obìnrin aládùúgbò tó jókòó tì wá sọ pé olóríkunkun ni obìnrin inú ìwé náà.

“Olóríkunkun kọ́,” ni ìyá wí. “Ó mọ ohun tí kò fẹ́, ó sì sọ ọ́ lójú wọn.”

Mo bá sọ ti Sàfúrà.

“Ó ti sọ fún mi láti ìjẹta. Mo ti ránṣẹ́ sí àwọn ara ọkọ pé kí wọ́n má wulẹ̀ wá. Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè kí ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́.”

Mo ṣí ojú ìwé tó kàn.