Omi Tó Mọ́ Gaara

Mo rántí ìgbà tí imú mi ló ń júwe ọ̀nà ilé fún mi. Bí mo bá ti bọ́ọ́lẹ̀ ní Okokomaiko tí mo ya wọ àdúgbò wa, òórùn ṣáláńgá ni yóò kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Yàrá mẹ́fà dojú kọ mẹ́fà nínú ilé náà, gbogbo wa sì ń lo ṣáláńgá kan, balùwẹ̀ kan àti kànga kan. Kànga àti ṣáláńgá sún mọ́ra débi pé ẹni tó lóṣòó nínú ọ̀kan lè máa bá ẹni tó ń fami nínú èkejì tàkúrọ̀sọ. Yunifásítì ni mo ń lọ, Èkìtì ni mo ti wá, Akọ̀wé sì ni gbogbo ilé ń pè mí. Oyè náà dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìyá aránṣọ ni yàrá rẹ̀ dojú kọ tèmi. Ará Ìjẹ̀bú ni, ọkọ rẹ̀ ti kú, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mẹ́rin, ni wọ́n jọ ń gbé. Ọmọ náà a máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, a to àwọn ìwé tí mo ti sọ nù síwájú, a ní òun náà ń kàwé fún ìdánwò. Ìyá rẹ̀ kì í fún un ní omi kànga mu àfi tó bá kọ́kọ́ sè é. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń ṣe bí òyìnbó.

Lọ́dún kan, òjò rọ̀ títí ṣáláńgá fi kún àkúnya, omi kànga wá pọ́n bíi tíì. Wolé-wolé dé láti ìjọba ìbílẹ̀. Ó yọjú wo kànga, ó wo ṣáláńgá, ó ní òun yóò ti kànga náà pa. Ọkàn gbogbo ilé pami, torí omi míì kò sí nítòsí. Baba onílé tì mí síwájú.

"Akọ̀wé, bá wa bá a sọ ọ́. Èdè tiyín nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Mo fi òyìnbó dídùn sọ fún un pé aṣọ nìkan la fi ń fọ̀, pé omi inú ọ̀rá là ń mu, pé màá da álọ́ọ̀mù sí i. Ó bi mí pé kí ni mò ń kà. Mo ní bàọ́lọ́jì. Ó ní ó dáa, ó ká ìwé rẹ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì mo ra álọ́ọ̀mù, mo gún un, mo dà á sí kànga. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, omi ti mọ́ gaara. Wọ́n yìn mí títí orí mi wú. Mo bu ife kan, mo mu ún tán lójú gbogbo wọn.

"Akọ̀wé, ṣé ọmọ lè mu ún báyìí láìsè é?" ni ìyá aránṣọ bi mí.

"Ẹ jẹ́ kó mu ún, mà. Ẹ ò rí bó ṣe mọ́ ni?"

Mo mọ̀ pé álọ́ọ̀mù kì í pa kòkòrò àrùn. Mo ti kọ ọ́ sínú ìdánwò, mo gba máàkì lórí rẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo sì fi ìmọ̀ náà sí.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tó ń ṣu omi. Nígbà tó di ọ̀sán, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Orí ọ̀kadà kan ni a gbé e lọ sí ọsibítù ní Ọ̀jọ́, èmi láàárín, ìyá rẹ̀ lẹ́yìn, ọmọ láyà mi. Omi ló ń tọrọ ní gbogbo ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ mú omi kànga náà dání nínú ike, ó ń fi ìdérí rẹ̀ bù ú fún un díẹ̀díẹ̀. Mo rí i, n kò sì gba ike náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà kú kí oòrùn tó wọ̀. Onígbáméjì ni nọ́ọ̀sì pè é.

Wolé-wolé padà wá ti kànga náà pa, kò sì wò mí lójú. Síbẹ̀, ìyá aránṣọ ní àkàrà tí ọmọ òun jẹ lójú títì ló pa á. Gbogbo ilé gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n pa ìyá alákàrà tì títí ó fi kó agbada rẹ̀ kúrò ládùúgbò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìtìjú pa á dé. Nígbà tí oṣù parí, mo kó lọ sí Ìbà, mo ní ibẹ̀ ló sún mọ́ ilé ìwé.

Ìjàníkin ni mò ń gbé báyìí. Kànga mi jìnnà sí ilé ìgbẹ́ dáadáa, síbẹ̀ mo ṣì ń se omi rẹ̀, àwọn ọmọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi ti ń sún mọ́ ogún ọdún. Lóṣù tó kọjá, mo ṣèèṣì yà sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní Ọ̀jọ́, ìyá ọmọ náà ni mo bá níbẹ̀, irun rẹ̀ ti funfun. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó dìde nídìí ẹ̀rọ.

"Akọ̀wé ilé wa àtijọ́ nìyí," ló sọ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. "Òun ló bá wa tún omi ṣe nígbà yẹn. Ọmọ mi fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀."

Ó bu omi tútù sí ife fún mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo mu ún tán, mo ní, "Ẹ ṣé, mà."