Ìyá Olómi àti Kọ́nà Ìgúnpá

Tí ẹ bá fẹ́ kí Ìyá Olómi bú yín, ẹ kí i nígbà tó bá ń fa omi sí lọ́rì. "Ṣé ojú ẹ fọ́ ni? O ò rí i pé ọwọ́ mi dí?" Bó ṣe máa dáhùn nìyẹn, ì báà jẹ́ àlejò, ì báà jẹ́ ìbátan.

Orí òkè pátápátá ló ń gbé, níbi tí ọ̀nà ti gòkè tán tó sì fẹ́ máa sọ̀ kalẹ̀. Yàrá kan ló ní, àti ìsun omi lẹ́yìn ilé, àti họ́ọ̀sì dúdú kan tó gùn gbọọrọ. Gbogbo lọ́rì tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ló ń dúró lọ́dọ̀ ẹ̀. Wọ́n so dúrọ́ọ̀mù mọ́ ẹ̀yìn orí lọ́rì, wọ́n wá fa páìpù tín-ín-rín tó ní táàpù láti inú ẹ̀ lọ sídìí táyà, kí omi lè máa kán sí búréèkì bí wọ́n ṣe ń lọ. Ẹrù wúwo, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn sì gùn. Búréèkì tí omi ò bá kàn á gbóná, á rú èéfín, á sì kọṣẹ́.

Kò sẹ́ni tó máa kọ́ Ìyá Olómi nìyẹn. Awakọ̀ lọkọ ẹ̀. Kọ́nà Ìgúnpá ni búréèkì ti kọṣẹ́ fún un, níbi tí ọ̀nà ti ká bí apá ẹni tó fẹ́ fi ìgúnpá gbá èèyàn, òun àti lọ́rì sì jọ wọ inú ọ̀gbun lọ. Nígbà tó sunkún tán ló ra họ́ọ̀sì. Ó tún ń fọ aṣọ fáwọn awakọ̀ tó bá sùn sórí òkè, ṣẹ́ẹ̀tì tí epo ti sọ di awọ. Ó máa fọ̀ ọ́, ó máa bú ẹni tó ni ín.

Àmọ́ àwọn ọlọ́kadà ò fẹ́ rí i sójú rárá. Láti ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, ọ̀kadà tó bá tẹ̀ lé lọ́rì dé Ìgúnpá, ńṣe ni táyà ẹ̀ ń yọ̀. Àbúrò Alága wọn ṣubú níbẹ̀, itan ẹ̀ dá. Kò pẹ́ sígbà náà ni Ìyá Olómi jí láàárọ̀, tó bá họ́ọ̀sì ẹ̀ nílẹ̀, wọ́n ti gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí ẹni rẹ́ ilá.

Yéè! Igbe tó ké, ẹyẹ fò lórí igi. Lọ́rì kan tó ti gba omi lálẹ́ àná ló ríbi lọ. Àwọn yòókù tò sílẹ̀. Wọ́n gbìyànjú garawa, apá wọn ò ká a. Awakọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́, tí kì í ṣe ohunkóhun jẹ́jẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: "Màmá, tòmátò mi ń jẹrà o! Ẹ wá nǹkan ṣe!"

"Ṣé èmi ni mo gé e ni? Fi tòmátò ẹ sílẹ̀!"

Ó wé gèlè, ó bọ́ sójú títì. Ó ń lọ bá ọlọ́pàá. Àmọ́ kí ló máa gbé e sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí lọ́rì ò lè lọ? Ọ̀kadà náà ni. Ta ló sì yọ? Alága fúnra ẹ̀.

"Níbo?"

"Àgọ́ ọlọ́pàá."

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Mo fẹ́ lọ fẹjọ́ ẹ sùn, ìwọ tó gé họ́ọ̀sì mi."

Alága bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Gùn ún. Èmi ni mo máa gbé ẹ débẹ̀, kí n lè rí tèmi náà rò."

Obìnrin tó lè bí i ló ń bá sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ ẹ̀. Ìyá Olómi gùn ún, ó sì ki èékánná bọ èjìká ẹ̀.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi bá lọ́rì tó kọ́kọ́ lọ yẹn, tó rọra ń fà. Alága lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀ bí eégbọn.

"Sún sẹ́yìn! Ṣé o rí ojú awakọ̀ nínú dígí ẹ̀?"

"Rárá."

"Òun náà ò rí ẹ nìyẹn. Lójú tiẹ̀, wọn ò tíì bí ẹ."

"Ṣé kí n máa jẹ èéfín ẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ni? Wò ó, ó ti gba gbogbo ọ̀nà! Àyè wà lábẹ́ òkè níbẹ̀ yẹn, jẹ́ n gba ibẹ̀ yọ."

"Ibojì lo pè ní àyè! Ìrù ẹ̀ gùn. Tí orí ò bá kọ́kọ́ bọ́ síta, ìrù máa wọ kòtò. Tó bá ti ń yí padà báyìí, ibẹ̀ yẹn náà ni ìrù ẹ̀ máa gbá. Tó bá wù ẹ́ láti kú, sọ mí kalẹ̀ ná."

"Àwọn awakọ̀ yín ńkọ́? Ṣé wọn ò lè fọn fèrè kí wọ́n tó yọ ní kọ́nà? Ṣé ẹnu fèrè wọn dí ni?"

"Lọ bi wọ́n!"

Ó sún sẹ́yìn ṣá, torí èékánná. Lọ́rì yí Ìgúnpá, ó lọ. Àwọn náà wọ kọ́nà, ni táyà ẹ̀yìn bá sá kúrò lábẹ́ wọn. Alága fẹsẹ̀ méjèèjì talẹ̀, ọ̀kadà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, Ìyá Olómi fi ìdí jókòó sójú títì, bàtà ẹ̀ kan sì fò wọnú ọ̀gbun.

"Ṣó o ti rí i?" Alága gbé ọ̀kadà nílẹ̀. "Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Ìwọ lò ń dà á, àwa là ń tẹ̀ ẹ́!"

Ìyá Olómi la ẹnu láti dá a lóhùn. Àmọ́ àtẹ́lẹwọ́ tó fi talẹ̀ ń yọ̀. Ó fi ìka ra ìka, ó hó. Ó gbé e sí imú. Ìfófó funfun tò lọ lẹ́bàá ọ̀nà níbi tí táyà lọ́rì gbà.

Ẹ̀ẹ̀rùn yìí ni ìsun ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Dípò kó da omi ìfọṣọ nù, ó ń rọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù àwọn lọ́rì kó lè kún. Ṣé búréèkì mọ ọṣẹ ni? Inú ẹ̀ tiẹ̀ dùn sí ọgbọ́n ara ẹ̀.

Ó wo inú ọ̀gbun níbi tí ọkọ ẹ̀ gbà lọ. Alága ò mọ nǹkan kan. Tí òun bá sọ ọ́, wọ́n lè dáná sun yàrá òun, kí àwọn awakọ̀ sì wá olómi mìíràn. Tí òun bá dákẹ́, omi tí ikú ọkọ òun mú kí òun máa fà ni yóò máa pa ọkọ ẹlòmíì.

"Omi nìkan kọ́," ó ní. "Ọṣẹ wà níbẹ̀."

"Ọṣẹ báwo?"

"Omi tí mo fi fọ aṣọ. Omi wọ́n, mo sì ń dà á pọ̀ mọ́ ọn."

Kò sí èébú tí Alága kò sọ, ó kan ìyá tó bí i, ó kan họ́ọ̀sì pàápàá. Ìyá Olómi ń gbọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀, kò san èébú padà.

"Bú mi tán, ká máa lọ."

"Sí àgọ́ ọlọ́pàá?"

"Tí mo bá ro tìẹ, ṣé mi ò ní í ro tèmi? Gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ta họ́ọ̀sì."

"Rárá o. Ilé mi là ń lọ. O máa fẹnu ẹ sọ ọ́ fún àbúrò mi."

Àbúrò náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́bàá fèrèsé, báńdéèjì ká itan ẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ìyá Olómi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, ó sọ ọ́. Ọkùnrin náà wò ó, wò ó.

"Ẹ jáde," ó ní, ó sì yíjú sí ògiri.

Wọ́n ra họ́ọ̀sì kí wọ́n tó gòkè padà. Ìyá Olómi gbé họ́ọ̀sì tuntun kọ́ ọrùn bí òjòlá. Bí àwọn awakọ̀ ṣe rí i ni wọ́n hó yèè. "Alága ti gbé Màmá níyàwó!"

"Ẹ pa ẹnu yín dé! Mi ò fọ aṣọ mọ́, ẹ máa wọ ìdọ̀tí yín lọ. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́: ibi àyè tó wà ṣáájú Ìgúnpá, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí omi pa iná búréèkì, ẹ ti táàpù, kẹ́ ẹ wá fi jíà kékeré yí kọ́nà náà, kẹ́ ẹ sì máa fọn fèrè. Ẹni tí wọ́n bá rí tó ń kán omi ní Ìgúnpá, kó má dúró lọ́dọ̀ mi mọ́."

"Ta ló máa bọ́ sílẹ̀ lọ ti táàpù láàárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́?" Jẹ́jẹ́ pariwo. "Màmá, ẹ ti ta wá!"

"Kọ́nà yẹn ló máa ta yín, kì í ṣe èmi. Gbé dúrọ́ọ̀mù ẹ wá tàbí kó o máa lọ."

Wọ́n gbé e wá, pẹ̀lú ìbínú. Wọn ò sì fẹ́ràn ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Àwọn ọlọ́kadà náà ò fẹ́ràn ẹ̀.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Alága wá jókòó sórí ọ̀kadà ẹ̀ ní òdìkejì títì, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Kí lò ń wò?"

"Ọwọ́ yín."

Ìyá Olómi yí ẹnu họ́ọ̀sì, ó da omi sí i lẹ́sẹ̀. Alága bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kàn án, ó rà á, ó gbé e sí imú. Kò hó. Ó ṣáná sí ọ̀kadà, ó sì lọ láìkí i.