Àgbàdo Òjò Àkọ́rọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, lónìí ni mo fọwọ́ ara mi gbin àgbàdo tí mo mọ̀ pé kò ní í yè.

Òjò ká wa mọ́ oko ẹ̀fọ́ wa létí ọ̀sà ní Bàrígà, níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti gbẹ gbogbo ẹ̀fọ́ tán. Èmi, Ìyá Ṣakirá àti Múfú tí a jọ ń dáko níbẹ̀ sá sábẹ́ páànù. Bó ṣe ń dá, àwọn méjèèjì ti ń wá irúgbìn àgbàdo.

Mo ní, "Òjò àkọ́rọ̀ nìyí, kò ṣeé gbọ́kàn lé. Oòrùn á padà wá jó gbogbo rẹ̀. Bàbá mi kì í gbin nǹkan kan àfi tó bá rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì."

Múfú bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, bàbá yín ló ni ilẹ̀ tiwọn. Ta ló ni èyí?"

Ìyá Ṣakirá ní, "Ẹ má dá a lóhùn, ẹnu ẹ̀ ti pọ̀ jù. Àmọ́ òótọ́ ló sọ. Àwọn tó ń da iyanrìn sétí omi láti fi ṣe ilẹ̀ ìkọ́lé ti dé oko tó kàn wá. Ibi tí wọn ò bá ti rí ohun ọ̀gbìn, wọ́n á ní kò lólóko."

"Ṣé kí n wá fi irúgbìn ṣòfò ni?"

"Ẹ fi ṣòfò, Bàbá. Ó sàn ju kí ilẹ̀ lọ."

Mo bá wọn jiyàn títí ó fi rẹ̀ mí. Mi ò gbà fún wọn o. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni mo tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí mo gbin àgbàdo náà, kí ilẹ̀ má bàa lọ.

Ẹ̀yìn ń ro mí, inú mi ò sì dùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, kí lẹ̀ bá ṣe?